"Mo Kàn Ṣẹ́jú Ni": Oorun, Ìlera àti Ẹ̀mí Èrò Inú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí nọ́ọ̀sì kan bá àwọn awakọ̀ àti ìdílé wọn sọ ní gáréèjì kan nílùú Ìbàdàn

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti pẹ́ nídìí ọkọ̀, ẹ̀yin ìyàwó awakọ̀ tí ẹ pa ìsọ̀ tì kí ẹ lè wá jókòó síbí, mo kí gbogbo yín. Mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè, nítorí mo mọ̀ pé wákàtí kan ní gáréèjì, owó ni. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ yìí, "Ẹ jíire bí?" ni gbogbo ẹni tó pàdé mi fi kí mi. Àwa Yorùbá kì í bi ẹni tí a bá kọ́kọ́ rí láàárọ̀ bóyá ó ti jẹun tàbí bóyá owó wà lápò rẹ̀. Bó ṣe jí la máa ń bi í. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, a ó ní "Ó dàárọ̀ o, ká sùn re." Àwọn tó fi ìkíni wọ̀nyí sílẹ̀ fún wa ti mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe sùn ni yóò ṣe jí. Oorun yìí gan-an ni mo bá wá, oorun tó yẹ kí awakọ̀ ti sùn tẹ́rùn kí ó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 23, mo sì lo ọdún 11 nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí agogo márùn-ún lé díẹ̀, wọ́n gbé awakọ̀ bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún kan wọlé fún wa. Èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀wù kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí dókítà lè rí àyà rẹ̀. Bí mo ti gé àpò ẹ̀wù náà ni ìlàjì obì kan já bọ́ sílẹ̀, ó ti gbẹ, ojú eyín rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ níbi tó ti gé e jẹ. Ètè rẹ̀ pọ́n, ìka rẹ̀ méjì náà pọ́n, mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, àfi ìgbà tí mo nù ún tí mo rí i pé obì ni. Ó ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kan ṣáá: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mi ò sùn o. Mo kàn ṣẹ́jú ni." Mẹ́ta nínú àwọn èrò rẹ̀ wà lórí ibùsùn nínú yàrá kan náà. Méjì kò dé ọ̀dọ̀ wa láàyè, kò sì tíì sí ẹni tó ní ìgboyà láti sọ fún un.

Òṣìṣẹ́ ojú pópó tó tẹ̀ lé wọn wá sọ ohun kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ó ní òun fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ojú ọ̀nà wò láti ibi tí ọkọ̀ náà ti yà títí dé ibi tó ti lọ sọ ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò sí ojú táyà kankan lórí ọ̀dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ju èmi lọ: ẹni tó bá rí ewu yóò tẹ bíréèkì, bó bá tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ọkùnrin yìí kò tẹ bíréèkì rárá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, a gbọ́ pé agogo mẹ́ta òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti jí kí ó lè kọ́kọ́ kó èrò, pé ó lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú, àti pé nígbà tó yẹ kí ó máa lọ sílé ni wọ́n tún wá háyà rẹ̀ láti kó àwọn tó lọ sóde ìnáwó padà wálé.

Mo gbà pé kò purọ́ fún mi. Ohun tó ṣe é kì í ṣe àjèjì sí àwọn oníṣègùn: oorun kékeré kan wà tí í gbé ọpọlọ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nígbà mìíràn tí ojú tilẹ̀ là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà mọ̀, torí pé ọpọlọ tí ìbá jẹ́rìí sí i gan-an ló sùn. Nínú èdè wa, ojú la fi ń ka àkókò. Ìṣẹ́jú là ń pè é, a sì ń pe èyí tó kéré jù lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹni ń sọ nípa bí àáyá ṣe ń yára ṣẹ́jú. Ẹ wá jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú àáyá wọn ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú awakọ̀ bá pa dé fún mẹ́rin péré, ọkọ̀ ti rin 100 mítà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan láti ojú ilé kan dé èkejì, láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Ẹsẹ̀ awakọ̀ wà lórí tọ́tù, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Kí ló ń fa oorun gan-an? Nǹkan méjì ló ń fà á, ó sì yẹ kí awakọ̀ mọ àwọn méjèèjì bó ṣe mọ epo àti omi ọkọ̀ rẹ̀. Èkíní ni pé láti ìgbà tí a bá ti lajú ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, bí eérú ṣe ń kún ìdí ààrò. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń wúwo sí i, kò sì sí ohun tó ń kó o kúrò bí kò ṣe oorun. Èkejì ni aago tó wà nínú ara. Ní ọdún 2017, ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel ìmọ̀ ìṣègùn nítorí pé wọ́n tú àṣírí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí i lára àwọn kòkòrò wínníwínní tí í máa ń fò lórí èso tó ti rà. Aago yìí máa ń rẹ agbára èèyàn sílẹ̀ ní ìgbà méjì láàárín ọjọ́ kan: láti nǹkan bí agogo méjì òru títí di agogo mẹ́fà ìdájí, èyí tó lágbára jù, àti ní ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ, láàárín agogo méjì sí mẹ́rin. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbójú tó, ìgbà méjèèjì yìí yóò dé bá a. Ẹni tó bá wá kó tòmátì láti Kánò tàbí Zaria bọ̀, tó ń sáré kí ẹrù rẹ̀ má bàa rà kí ó tó dé Mile 12, agbègbè Mokwa sí Jẹ́bà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni aago yìí yóò ti lù mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí ìdájí fi burú tó bẹ́ẹ̀ lójú títì, kódà nígbà tí ọ̀nà bá dá, tí òjò kò sì rọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti wọn àìsùn mọ́ ọtí. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò bá sùn fún wákàtí 17, bó ṣe ń ronú àti bó ṣe ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ìwọ̀n 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gba awakọ̀ láyè láti kọjá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí ti gáréèjì tiwa. Awakọ̀ tó bá jí ní agogo mẹ́rin ìdájí láti wá tò sórí ìlà, bó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti di ẹni tó mutí, bí kò tilẹ̀ fi ọtí kan ẹnu láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìwà rere rẹ̀ àti ọgbọ́n ọdún 30 tó ní lójú títì kò ní kí èyí má ṣẹlẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà tiwa tó ti bàjẹ́ nìkan ló ń fà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2001, nítòsí Selby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń wa Land Rover tó fa ọkọ̀ àjàgà mọ́ ìdí sùn lọ lójú títì ńlá tó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ nígbà tí agogo mẹ́fà ìdájí lé díẹ̀. Ọkọ̀ náà yà kúrò lọ́nà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì dúró sórí ojú irin rélùwéè. Òun fúnra rẹ̀ jáde, ó wà lórí fóònù tó ń pe àwọn ọlọ́pàá nígbà tí rélùwéè tó kó èrò dé tó sì kọlu ọkọ̀ náà, tí rélùwéè mìíràn tó kó èédú sì tún wá kọlù wọn. Èèyàn 10 ló kú. Ilé ẹjọ́ rí i pé ọkùnrin náà kò sùn ní gbogbo òru ọjọ́ náà, ẹnìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò sùn, pé ọkọ̀ òun ló bàjẹ́. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún 5. Ó jáde nínú ìjàǹbá náà láìfarapa tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ̀ rí ni wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ fún mi, pé ẹ ní ọgbọ́n tí ẹ ń dá sí i. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọgbọ́n náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ibi tí ikú ń gbà wọlé gan-an nìyí. Obì ní káfíìnì nínú lóòótọ́, òun náà ló wà nínú kọfí. Iṣẹ́ káfíìnì ni pé ó máa ń lọ jókòó sí àyè tó yẹ kí adenosine jókòó sí nínú ọpọlọ, kí ọpọlọ má bàa gbọ́ ìròyìn pé ó ti rẹ ara. Kò kó eérú kankan kúrò nídìí ààrò. Eérú náà ń pọ̀ sí i lábẹ́, bí káfíìnì bá sì ti ń lọ, gbogbo rẹ̀ yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ṣe ọkùnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú ìlàjì obì rẹ̀. Bí awakọ̀ bá sì jẹ obì lálẹ́ tó sì fẹ́ sùn nígbà tó délé, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìlàjì káfíìnì náà ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí oorun rẹ̀ wọra.

Paragá ńkọ́? Ọtí ni paragá. Ojú tó dà bí ẹni pé ó là ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tètè pa dé lẹ́yìn náà, ọwọ́ awakọ̀ yóò sì ti lọ́ra kí ó tó di ìgbà yẹn. Ti tramadol ló ń dùn mí jù, nítorí mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí gìrì mú lórí ibùsùn wa nítorí rẹ̀. Oògùn ìrora ni, àwọn dókítà ló ń kọ ọ́ fún ẹni tí ara ń ro. Ó máa ń jẹ́ kí èèyàn má mọ̀ pé ó ti rẹ òun, ó sì tún máa ń fa òògbé. Ẹ wo irú ohun tí awakọ̀ ń fi sẹ́nu! Ní ti ká ṣí fèrèsé, ká tú rédíò sókè, ká bomi sójú, ká máa gbá ara wa létí, wọ́n lè dá oorun dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí èèyàn lè fi wá ibi tí yóò páàkì sí. Àǹfààní wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrìn àjò bá ti gbé èèyàn dé àárín ọ̀nà ni kí ó yà sí ibi tó láàbò, bíi ilé epo tàbí páàkì ọkọ̀ ńlá tó wà ní Ògèrè, kí ó sì rẹjú fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Bí ó bá fẹ́ jẹ obì tàbí mu kọfí, kí ó ṣe é kété kó tó rẹjú, nítorí káfíìnì kì í tètè dé ọpọlọ, nǹkan bí ìlàjì wákàtí ló ń gbà, yóò sì bá a nígbà tó bá ń jí. Kí ó má ṣe páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí àwọn tó ń tòògbé bíi tirẹ̀ yóò ti wá bá a. Kí ó má sì ṣe ti gbogbo fèrèsé pa kí ó fi íńjìnnì sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Èéfín íńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, òun náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fà á nínú oorun kì í mọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Mo ti bá wọn gbé ìdílé kan wọlé rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n rírẹjú kì í ṣe oorun. Láti ọdún 1953, nígbà tí Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ṣàkíyèsí pé ojú máa ń yí wìriwìri lábẹ́ ìpéǹpéjú ní àwọn àkókò kan tí èèyàn ń sùn, ni ó ti hàn gbangba pé ọpọlọ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró lóru. Oorun ní ipele ipele. Nínú èyí tó wọra ni ara ti máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ọmọdé ti ń dàgbà, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ kí ọkàn lè sinmi. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ó kéré tán, wákàtí 7 ló yẹ kí àgbàlagbà máa sùn lóru. Ẹni tí kò bá sùn tó bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti rọpárọsẹ̀ pàdé ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ebi á tún máa pa á lódìlódì, nítorí àìsùn ń da àwọn hòmóònù tó ń sọ pé a ti yó rú. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ tó wa ọkọ̀ mọ́jú fi lè jẹ búrẹ́dì odidi kan kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀yin ìyàwó wọn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi, nítorí ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí. Bí bàbá bá ń hanrun tó ń mi ilé, a máa ń fi ṣe àwàdà, a ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí irú híhanrun náà. Bó bá ń han-án lọ tó wá dákẹ́ lójijì, tí ẹ kò gbọ́ èémí fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ lè fi ka ení dé ẹẹ́wàá, tó wá fà á lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó yọrí jáde lábẹ́ omi, àìsàn ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń dí, ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ jí i díẹ̀ kí ó lè mí, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sùn fún wákàtí 8 kí orí máa fọ́ ọ láàárọ̀, kí ó sì máa tòògbé nídìí sítíárì ní ọ̀sán gangan. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó sanra, tí ọrùn rẹ̀ ki. Ó ní ìtọ́jú: kí ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, kí ó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí ó jìnnà sí ọtí lálẹ́, ẹ̀rọ kan sì tún wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú lóru kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pa dé. Ẹ má ṣe bínú sí i, ẹ má ṣe kó lọ sí yàrá mìíràn. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹni tó bá wakọ̀ lóru, ọ̀sán ni òru tirẹ̀. Bàbá kan sọ fún mi pé lójoojúmọ́ tí òun bá fẹ́ sùn ní ọ̀sán ni wọ́n ń rán ọmọ wá jí òun láti béèrè owó ọbẹ̀. Ẹ gba owó ọbẹ̀ kí ó tó sùn. Ẹ ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì lọ ṣeré lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yin olówó ọkọ̀ sí ìparí, nítorí n kò gbà pé awakọ̀ nìkan ló jẹ̀bi. Ọkùnrin tí obì já bọ́ lápò rẹ̀ sọ fún mi, nígbà tó lè jókòó, pé òun mọ̀ pé ó ti rẹ òun kí òun tó gba háyà ọ̀hún, ṣùgbọ́n owó tí òun gbọ́dọ̀ jẹ́ fún olówó ọkọ̀ kò tíì pé. Àwọn ọmọ wa tó ń wa tírélà ní Yúróòpù ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin tó wà láti ọdún 2006: bí wọ́n bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sinmi fún 45 ìṣẹ́jú, wákàtí 9 ni wọ́n sì sábà máa ń lè fi wakọ̀ lóòjọ́. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, olówó ọkọ̀ pàápàá sì lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin náà. Àwa kò nílò láti dúró de ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ yìí ló ń kọ orúkọ ọkọ̀ sórí ìlà. Kí ẹ máa kọ aago tí awakọ̀ jí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Ẹni tó bá ti lé ní wákàtí 15 tó ti jí, kí ẹ má ṣe fún un ní èrò, kí olówó ọkọ̀ má sì gba owó ìrìn àjò tí kò rìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó jókòó síbí, mo bẹ akọ̀wé yín pé kí ó mú mi lọ wo yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, èyí tí ẹ ń kó ògbólógbòó táyà sí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá kó táyà náà jáde, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin yóò gbà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n ti ń pe èrò. Èmi yóò ra bẹ́ẹ̀dì kan àti àwọ̀n ẹ̀fọn mẹ́rin. Alága, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹnìkan yóò ra èkejì.